Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́fà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti ilẹ̀ púpọ̀ wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, púpọ̀ nínú yín ti bi mí léèrè ìdí rẹ̀ tí mo fi máa ń pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, kí wọ́n sì ka ení títí dé ẹ̀wá, nígbàkígbà tí a bá gbé drone sókè ní pápá. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, mo sì ti pinnu láti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ti ẹ̀ka Jọ́gíráfì lọ sí abúlé kan létí Odò Ọya, ní ìsàlẹ̀ Lọ́kọ́ja níbi tí Odò Benue ti ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilẹ̀ ni a bá lọ. A kò bá ti ìgbanilà lọ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọdún náà ti rí. Òjò rọ̀ jù, láti ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wẹwẹ ni wọ́n sì ti ń tú omi tí wọ́n dí sí Lagdo ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí omi náà ń bá Odò Benue bọ̀ wá bá wa. Omíyalé ọdún náà pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé wọn. Ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́ja bọ́ sábẹ́ omi ní Koton-Karfe, àwọn ọkọ̀ epo sì tò síbẹ̀ láìlè lọ síwájú. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ará Garoua tí ó wà létí Odò Benue kan náà lókè lọ́hùn-ún, dúró wo omi náà títí, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yìnkùlé wa ni omi yìí gbà kí ó tó dé ìhín.” Kò sí ẹni tí ó rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ kejì tí a débẹ̀ ni olórí abúlé wá bá mi. Ó ní àwọn kan wà ní abà oko tí wọn kò tíì wálé, àwọn atukọ̀ kò sì mọ ibi tí wọn ì bá gbà, nítorí pé omi ti bo gbogbo igi àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe àmì. Ó ti rí ọkọ̀ òfurufú kékeré tí a gbé wá, abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin lórí, ojú kan lábẹ́ ikùn. Ní Nàìjíríà ènìyàn kò gbọdọ̀ gbé irú rẹ̀ sókè láìgba ìwé àṣẹ. Àwa ti gba tiwa kí a tó kúrò nílé.

Mo gbé e sókè. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ń wá lójú ẹsẹ̀ sórí fóònù tí mo so mọ́ rìmóòtù ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n fóònù kan ni, ènìyàn bí ogójì ni ó sì dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ń ti ara wọn, ọmọdé kan ń fa ṣòkòtò mi, oòrùn ń kọ mànà lójú gíláàsì. Nígbà tí ẹnì kan kọ lu apá mi, tí drone náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí sọ igi àràbà, inú bí mi, mo lé gbogbo wọn sẹ́yìn, mo sì ń dá nìkan wò ó bí ọba tí ń dá jẹun. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú bátìrì ń tán lọ. Mo dá a padà, mo ní, “N kò rí ẹnì kankan. Omi àti koríko nìkan ni.” Obìnrin kan bú sẹ́kún, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà nínú àwọn tí à ń wá. Bàbá àgbà kan, apẹja ará Tápà, bi mí ní èdè Haúsá pé, “Irú koríko wo?”

Mo kàwé jù ú lọ, n kò sì lè dáhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti Kétu wá, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni ó yọ mí nínú ìtìjú. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a pín àwòrán náà fún wọn kí wọ́n fi ojú ara wọn wò ó.” Mo ní kí ni a ó fi pín in, nígbà tí òpó fóònù ti kú láti àná? Ó ní a kò nílò òpó. Ó yọ ráútà kékeré kan nínú àpò rẹ̀, ó so ó mọ́ bátìrì alùpùpù, ó sì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ tì í lábẹ́ igi máńgòrò. Ráútà náà kò mọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kankan. Ó kàn dà bí oríta tí àwọn fóònù tí ó wà nítòsí ti ń pàdé ni. Fóònù mi ń rán àwòrán sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì ń pín in fún fóònù gbogbo tí ó bá ti wọ inú Wáífáì náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán ń já wẹ́wẹ́, nítorí pé ìgbì kan náà, gígáhẹ́ẹ̀tì 2.4, ni ráútà àti drone jọ ń lò, tí wọ́n sì ń dí ara wọn lọ́wọ́. A gbé ráútà sún sẹ́yìn ní ogún ìgbésẹ̀, a fi drone sí ìgbì 5.8, ó sì dára.

Ohun kan wà tí a kò lè tún ṣe. Àwòrán tí èmi ń wò fẹ́rẹ̀ẹ́ má pẹ́ rárá. Èyí tí ó bá ti gba ọwọ́ kọ̀ǹpútà ń pẹ́ lọ́nà: fóònù mi ní láti dì í kéré kí ó tó rán an, fóònù àwọn tí ń wò náà sì ń kó díẹ̀ pamọ́ ná kí àwòrán má baà máa já. Ọmọ Kétu fi aago wọ̀n ọ́n, ó sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ìyẹn kọ́kọ́ fún wa ní wàhálà púpọ̀. Bàbá apẹja á kígbe pé, “Dúró! Ibẹ̀ yẹn!” ṣùgbọ́n drone tí ń sá mítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti fi ọgọ́ta mítà kọjá ibẹ̀, láìka àkókò tí ògbufọ̀ fi ń túmọ̀. Nítorí náà ni a ṣe ṣe àdéhùn. Bí mo bá dé ibìkan, n ó dá drone dúró lójú kan lófurufú, gbogbo wa á dákẹ́, a ó ka ení títí dé ẹ̀wá, lẹ́yìn èyí ni ẹni tí ó bá rí nǹkan yóò tó sọ̀rọ̀.

Ní ìdádúró kẹta ni bàbá náà sọ̀rọ̀. Ó ní, “Koríko orí omi a máa bá omi lọ. Èyí dúró lójú kan. Òrùlé abà ni.” Mo mú drone wálẹ̀. Òrùlé ni lóòótọ́, ọkùnrin kan àti ọmọ méjì sì wà lórí igi tí ó fara tì í, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan tí wọ́n fi aṣọ dè mọ́ ẹ̀ka. Mo ti fò kọjá lórí wọn ní àárọ̀ náà. Bàbá wo àwòrán fún àwọn atukọ̀, ó fi hàn wọ́n ibi tí ojú omi ti ń hó, tí kùkùté wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ibi tí ó ti tẹ́jú tí ọkọ̀ lè gbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti gbé wọn dé. Ewúrẹ́ ni ó kọ́kọ́ fò bọ́ sílẹ̀.

Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ni ó parí sí ni, ǹ bá ti sọ ọ́ fún yín tipẹ́.

Ní ọjọ́ kejì gbogbo abúlé fẹ́ rí ilé wọn ní àdúgbò ìsàlẹ̀. Ìyá kan wà níbẹ̀, ará Ọ̀wọ́rọ̀, tí èdè rẹ̀ sún mọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi wá ògbufọ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun wo ilé oníyàrá mẹ́rin tí òun àti olóògbé ọkọ òun jọ fi amọ̀ kọ́. Ọmọbìnrin ará Garoua jókòó tì í, ó ń di fóònù mú fún un.

Mo débẹ̀. Omi ti dé ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n ilé náà dúró. Mo dá drone dúró lókè rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí mo pe ẹ̀rin, ògiri tí ó kọjú sí odò tẹ̀ wọnú, páànù tẹ̀lé e, omi pupa sì ru sókè. Drone kì í gbé ohùn wá, nítorí náà n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbójú sókè. Lábẹ́ igi máńgòrò, Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka tọ́ gíláàsì fóònù náà, ó ń sọ fún ọmọbìnrin náà pé, “Wò ó, ó dúró! Ilé mi dúró!”

Àrún, ẹ̀fà. Mo lè pariwo. Mo lè sáré lọ pa kọ̀ǹpútà dé. Bí mo bá yí ojú drone síbòmíràn, kò wúlò, nítorí ohun tí ó ti wọ ọ̀nà ti wọ ọ̀nà. Èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán. Ẹnu mi kò là. Ní ẹ̀wá, ẹ̀rín náà dá.

Kò kígbe. Ó dìde, ó rìn wá bá mi, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ti rí i ṣáájú mi ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Nígbà tí mo ń rẹ́rìn-ín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jiyàn. Ọmọ Kétu ní ilé rẹ̀ ni, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọmọ Garoua, tí ìka Ìyá ti fún lọ́wọ́ tí ó sì wú, ní kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàárín ogójì ènìyàn. Títí di òní n kò tíì dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń kọ́kọ́ dá wo ilé tí ènìyàn ń gbé, kí a tó pín àwòrán rẹ̀, ẹnì kan sì máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ lórí bọ́tìnnì.

Mo tún kọjá ní abúlé náà ní ọdún 2024. Ìyá ti kọ́ yàrá méjì sórí ilẹ̀ gíga. Ó fún mi ní ẹja gbígbẹ pé kí n mú un lọ fún ìyàwó mi, ó béèrè àlàáfíà ọmọbìnrin tí ó bá a di fóònù mú, a sì sọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n ń ta iṣu.