Ta Ló Ni Orin Country?

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yìí, nítòsí bárékè Ọ̀jọ́, mo rí bàbá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń nu bàtà rẹ̀. Don Williams, olórin country, ń kọrin nínú rédíò, bàbá ń bá a gbè é, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Amẹ́ríkà ṣì ń jà lórí ẹni tó ni orin country yìí. Lọ́dún 2024, rédíò kan ní Oklahoma kọ́kọ́ kọ̀, wọn ò fẹ́ gbé orin country tí Beyoncé kọ sáfẹ́fẹ́. Lọ́dún yẹn náà ni Shaboozey, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, fi orin country wà ní ipò kìíní lórí àtẹ orin Billboard Hot 100 fún ọ̀sẹ̀ 19.

Mo bi bàbá pé ta ló ni ín. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ ni."