"Kò Sí Nílé" Yàtọ̀ sí "A Kò Mọ̀ Ọ́n"

Bí àlejò bá wọ agbo ilé kan ní Òkakà níhìn-ín, tí ó sì béèrè ẹnì kan, ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta ni yóò gbọ́. Wọ́n lè pe ẹni náà jáde fún un. Wọ́n lè ní, "Kò sí nílé, ó lọ sí oko." Wọ́n sì lè ní, "A kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní agbo ilé yìí." Ẹni tí ó gbọ́ èkejì lè jókòó dè é, ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀kẹta yóò wá a lọ sí ibòmíràn. Ohun tí n kò tíì rí ni kí wọ́n fa ọmọ tí ó jókòó sí ìkángun kalẹ̀, kí wọ́n ní òun ni àlejò ń wá.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe gan-an nìyí ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Yorùbá. Olùkọ́ kan fi èdè Python kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ orúkọ rẹ̀, kí ó sì rí máàkì tí ó gbà nínú ìdánwò tí a ń fi dán wọn wò ṣáájú ti WAEC. Ó ṣètò rẹ̀ pé bí a kò bá rí orúkọ, kí èsì jẹ́ −1. Àṣà àtijọ́ ni èyí, kò sì burú bí ẹni tí ó gba èsì bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ Python, 0 ni ẹni àkọ́kọ́, −1 sì ni ẹni ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tí a kò rí orúkọ rẹ̀ ṣe gba 17, máàkì ọmọkùnrin tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kò sí ariwo, kò sí ìkìlọ̀. Bàbá rẹ̀ ti ní òun kò ní san owó ìdánwò mọ́. Èmi ni mo máàkì ìwé rẹ̀; 64 ni mo kọ síbẹ̀.

Èé ṣe tí a kò rí orúkọ náà? Ó kúkú wà níbẹ̀. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àwa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jùlọ. Ọ̀ wà nínú orúkọ ọmọ náà, kò sì sí nọ́ńbà ẹyọ kan ṣoṣo fún ọ̀ nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. A lè to ọ (U+1ECD) àti àmì ohùn (U+0300). A sì lè to o lásán, kí àmì abẹ́ rẹ̀ (U+0323) tẹ̀lé e, kí àmì ohùn tó dé. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àfi bí a bá kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí ó sọ méjèèjì di irú kan náà. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. (Àwọn kan yóò ní kí a kúkú pa àmì tì. Èmi kò gbà.)

Ní tèmi, ọ̀nà méjì ni ó yẹ kí irú àṣẹ báyìí ní, nítorí pé ìbéèrè méjì ni àwa náà ń béèrè. Ẹni tí ó ní, "Mú ìwé ọmọ yìí wá," gbà pé ìwé náà wà. Bí kò bá sí, kí iṣẹ́ dúró, kí a sì pariwo. Ẹni tí ó ní, "Ǹjẹ́ ìwé ọmọ yìí wà níbẹ̀?" ti múra sílẹ̀ de "rárá". Python mọ ìyàtọ̀ náà. Ó ní àkójọ kan tí ó fi ìwé atúmọ̀ sọ lórúkọ: bí a bá fi àkámọ́ onígun béèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀, yóò ké KeyError, bí a bá fi get béèrè, yóò dáhùn pé None, òfìfo.

Òfìfo pàápàá ní ewu tirẹ̀. Tony Hoare, ẹni tí ó mú irú rẹ̀ wọ inú èdè ALGOL W ní 1965, ni ó pè é ní àṣìṣe bílíọ̀nù dọ́là ní 2009, nítorí pé àwọn tí ń gbà á máa ń gbàgbé láti wò ó bóyá òfìfo ni kí wọ́n tó lò ó. Síbẹ̀ ó sàn ju −1 lọ, nítorí kò jọ nọ́ńbà. Nínú ìwé máàkì tèmi, ọmọ tí ó wá tí kò rí nǹkan kan kọ ni ó ni òdo. Ọmọ tí kò wá, X ni mo ń kọ síwájú orúkọ rẹ̀. X kò ṣeé rò pọ̀ mọ́ nọ́ńbà. Ẹni tí ń ṣírò yóò dúró lórí rẹ̀, yóò sì béèrè ibi tí ọmọ náà wà.