Ẹ Má Jẹ́ Kí Ó Fòru Lọ

Montréal

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé, mo tún un gbọ́, bóyá etí mi ló ṣì í. Kò ṣì í. Àbúrò mi fẹ́ gba owó oṣù yìí lọ́wọ́ Alájì ọ̀gá rẹ̀, kí ó ti dẹ́pò bí ẹni tó ń lọ sùn, kí ó pa fóònù, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá a níbi iṣẹ́ tuntun ní Glo-Djigbé. Ẹ ní Bàbá Takon ti fọwọ́ sí i, pé ẹni tí kò tọwọ́ bọ̀wé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìdágbére.

Bàbá Takon! Ìyá mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé inú símẹ́ńtì tí a fi kọ́ ibojì bàbá wa ni ìmọ̀ràn yẹn ti jáde. Láti ọjọ́ tí Alájì ti ka gbèsè símẹ́ńtì náà sétí gbogbo ayé níbi sàráà ni òun àti Bàbá Takon kò ti kí ara wọn dénú mọ́. Kí wọ́n jà á láàárín ara wọn. Kí wọ́n má fi ọmọ yín jà á.

Ti òfin kò ṣòro: iṣẹ́ tí a fẹnu lásán gbà, iṣẹ́ ni lójú òfin Benin, oṣù kan sì ni òfin iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ bíi rẹ̀ fi kìlọ̀ kí ó tó lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè ní kí ó san owó oṣù náà.

Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Owó oṣù kan, a ó wá a. Kọ́kọ́rọ́ ló ń bà mí lẹ́rù.

Láti 2018 ni kọ́kọ́rọ́ dẹ́pò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń ka símẹ́ńtì bí wọ́n bá ń sọ̀ ọ́ látinú ọkọ̀, òun ló ń ka irin àti páànù. Fóònù tí àwọn oníbàárà ń fi MoMo sanwó sí, àpò rẹ̀ ló wà. Kàyé àwìn, tí orúkọ àwọn bíríkìlà láti Sakété títí dé Yoko àti Ita-Djèbou kún inú rẹ̀, ọwọ́ òun nìkan ló kọ ọ́ láti ewé àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ tí fóònù rẹ̀ bá kú, ta ni yóò dáhùn fún kàyé náà? Bíríkìlà tó jẹ gbèsè ogún àpò yóò ní òun ti san án sí ọmọ yín lọ́wọ́. Èkejì yóò gbọ́, òun náà yóò ní òun ti san tòun. Ta ni yóò bá wọn jiyàn, nígbà tí ẹni tó mọ òótọ́ ti sá lọ? Àwọn àpò tí òjò bà jẹ́, tí wọ́n dà nù, àpò tó jí ni wọn yóò dà. Alájì fúnra wọn lè má kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Àwọn ìyàwó wọn ńkọ́? Ọmọ wọn tó ti ń wá ipò yẹn látijọ́ ńkọ́? Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ ti dé kọmísáríà.

Ẹni tí kò ṣe oṣù ìdágbére, ọ̀dọ̀ inspecteur du travail ni wọ́n ń pè é lọ, wọn yóò sì kọ́kọ́ wá ìlàjà kí ẹjọ́ tó dé kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn abus de confiance kàn, pé ó kó ohun tí wọ́n fi ṣọ́ ọ jẹ, ọlọ́pàá ló ń wá a wá sílé. Oṣù kan ni ọmọ yín rò pé òun ń sá fún. Olè ni yóò fi sórí ara rẹ̀. Bí wọ́n bá sì tì í mọ́lé, ẹ̀yin lẹ ó máa gbé oúnjẹ lọ, pẹ̀lú orúnkún yín yẹn. Èmi yóò jókòó síbí, n ó máa wo fóònù. Ẹ rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ní Àjàṣẹ́, èyí tó ń ta èròjà ọkọ̀, tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn. Wọn kò rí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ níkẹyìn. Ta ló tún fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ láti ìgbà náà?

Mo mọ ohun tí àbúrò mi yóò sọ: Alájì ń rẹ́ òun jẹ. Òótọ́ ni. 45,000 fáráǹkì ni wọ́n ń san fún un, bẹ́ẹ̀ 52,000 ni SMIG, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Kí ó lọ béèrè ní CNSS, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, pẹ̀lú, bóyá wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ òun síbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó sá ṣe máa padà wá gba ẹ̀tọ́? Alájì náà sì ní oore tiwọn. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí ọjà kú, wọn kò lé e.

Nítorí náà, kí ó kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí Alájì fọwọ́ sí ọ̀kan fún un. Láàárín oṣù náà, kí òun àti ọmọ Alájì jọ ka gbogbo ẹrù, kí wọ́n jọ tọ àwọn onígbèsè lọ níkọ̀ọ̀kan, kí kálukú sọ iye tó kù lọ́rùn rẹ̀ lójú àwọn méjèèjì. Ewé kàyé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kọ́kọ́rọ́ àti fóònù, kí ó gbàwé pé òun ti dá wọn padà. Kí ó béèrè certificat de travail rẹ̀. Òfin ló fún un.

Ní ti Glo-Djigbé, kí ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró dè é. Mo bi í bóyá wọ́n ti fún un níwèé níbẹ̀, ó ní rárá, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́. N kò mọ ohun tí mo lè sọ sí ìyẹn.

Owó díẹ̀ wà nínú MoMo yín, ti orúnkún ni o, kì í ṣe owó ọkọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí yóò bá gbé lẹ́tà lọ, kí ìmáàmù bá a lọ, tàbí ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí Bàbá Takon jókòó sílé.

Ọmọ yín ni.