Ta Ni Ó Kọ́ Ilé-Iṣẹ́ Náà?

Bí wọ́n bá ń kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Íńdíà, agbaṣẹ́ṣe àgbà tí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ni gbogbo ayé máa ń mọ̀ sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ inú ọgbà náà yóò rí i pé ọwọ́ púpọ̀ ni ó wà nídìí iṣẹ́. Ẹnìkan gba ìpìlẹ̀ gbígbẹ́, ẹlòmíràn gba bíríkì mímọ, ẹnìkẹta gba kọnkéré dídà. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kékeré wọ̀nyí kò bá ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ṣe àdéhùn kankan. Ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe àgbà ni wọ́n ti ń gba iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń gba owó.

Ní ọdún 1994 ni ìjọba àpapọ̀ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó-orí lórí iṣẹ́ tí ènìyàn bá ṣe fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ni ó kàn nígbà náà: ti tẹlifóònù, ti adójútòfò àti ti àwọn alágbàtà ìpín ìdókòwò. Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ ń pọ̀ sí i nínú òfin, títí ó fi kan kíkọ́ ilé òwò àti ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2004.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilé kíkọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lásán. Bíríkìlà ilẹ̀ Yorùbá pàápàá kì í dá iye lé iṣẹ́ kí ó tó béèrè bóyá iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń fẹ́, tàbí pẹ̀lú èlò. Ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ àdéhùn ni ó da iṣẹ́ àti èlò pọ̀ sábẹ́ iye owó kan ṣoṣo. Ìjọba wá ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ san owó-orí náà lórí ìdá 33 péré nínú ọgọ́rùn-ún: bí iye iṣẹ́ bá jẹ́ 1,000,000 rúpì, orí 330,000 rúpì ni wọn yóò ti ṣírò rẹ̀. Àwọn agbaṣẹ́ṣe fèsì pé kò sí ibi tí òfin ti dárúkọ àdéhùn àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá, àfi láti ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 2007. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 2015, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pẹ̀lú wọn. Ó ní kí ọjọ́ yẹn ó tó dé, òfin kò la ọ̀nà kankan sílẹ̀ láti yọ iye èlò kúrò lára iye iṣẹ́, nítorí náà kò sí owó-orí lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé símẹ́ǹtì tàbí irin tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá gbé kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ìṣirò owó-orí agbaṣẹ́ṣe.

Ìdájọ́ rere ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ta ni ti ọdún 2015 gbà sílẹ̀? Ẹni tí ó mú símẹ́ǹtì wá ni. Ẹni tí kò mú nǹkan kan wá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ kò rí ibi sá sí lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ pọ́ńbélé ni tirẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wo bíríkìlà kan tí ó kó ọmọ iṣẹ́ méjìlá lẹ́yìn, tí ó gba ògiri ilé-iṣẹ́ kan mọ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe àgbà ní ọdún 2006. Agbaṣẹ́ṣe àgbà san owó-orí lórí gbogbo iṣẹ́, ti bíríkìlà náà sì wà nínú rẹ̀. Lójú bíríkìlà, ìjọba ti gba tirẹ̀. Àwọn ìwé ìtọ́ni kan tí àwọn agbowó-orí fúnra wọn fi síta ní àwọn ọdún 1990 lórí àwọn iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ ti irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Àfi bí ìwé tuntun ṣe jáde ní ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 2007, tí ó ní agbaṣẹ́ṣe kékeré ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì gbọdọ̀ san owó-orí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà náà, ọdún kan ni òfin fún àwọn agbowó-orí láti béèrè owó tí wọn kò rí gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ènìyàn pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni, wọ́n lè padà sẹ́yìn ní ọdún márùn-ún. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ nítorí pé ó gbà pé wọ́n ti san án, ṣé ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́? Orí ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ dúró lé.

Ìjọba kò gbà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ń gba owó kan náà. Láti ọdún 2004 ni ètò kan ti wà tí agbaṣẹ́ṣe àgbà lè fi yọ owó-orí tí agbaṣẹ́ṣe kékeré bá san kúrò nínú tirẹ̀. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ náà gún régé. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹta ọdún 2006, agbaṣẹ́ṣe àgbà tí ó bá yan ọ̀nà ìdá 33 kò ní àṣẹ láti yọ owó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ ní àṣẹ, ta ni yóò ṣí ìwé ìṣirò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn nítorí bíríkìlà? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ń lọ títí di ọdún 2019, nígbà tí àkójọpọ̀ àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ owó-orí sọ ní Delhi pé dandan ni fún agbaṣẹ́ṣe kékeré láti san án, ìbáà ṣe pé ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un ti san án tẹ́lẹ̀.

Owó-orí náà fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé ní ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 2017, nígbà tí owó-orí ọjà àti iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹjọ́ kò bá a lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ìjọba ṣí ètò kan láti fi parí wọn. Ẹni tí ó ń jẹ́jọ́, tí iye tí wọ́n kà sí i lọ́rùn kò ju 5,000,000 rúpì lọ, lè san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà náà, wọ́n sì fojú fo èlé àti owó ìtanràn. Nígbà náà, irú bíríkìlà bẹ́ẹ̀ lè san án, kí ó gba ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀, kí ó sì máa lọ. Ohun tí ìwé náà kò ní sọ fún un ni bóyá ó jẹ gbèsè rí.