Iléèwé Wo Ni Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Òtẹ́ẹ̀lì Yóò Lọ?

Ọmọ àbúrò mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìgbàlejò. Máàkì JAMB rẹ̀ dára, ọ̀nà méjì ló sì wà níwájú rẹ̀: FUNAAB, yunifásítì tó wà l'Ábẹ́òkúta, tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìgbàlejò àti ìrìn-àjò afẹ́, àti Yabatech l'Ékòó, pólì tó ti wà láti 1947, tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ pólì sétí rárá. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “bó bá jẹ́ pé abọ́ lọmọ mi máa gbé fún èèyàn, ẹ jẹ́ kó kúkú ní digírì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ ọ́. Ìtìjú ni ọ̀pọ̀ òbí wa fi ń yan iléèwé fún ọmọ tó bá yan iṣẹ́ yìí. Orúkọ ńlá ni wọ́n ń wá, èyí tí wọn yóò fi bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀? Nílé Yorùbá, baálé fúnra rẹ̀ ló ń dìde fún àlejò, omi tútù ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀ kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó bá wá. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó gbà á lálejò ló gbọ́dọ̀ bá a ríran. Mi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Àwọn ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti gbajúmọ̀ jù ò sì tijú abọ́. Iléèwé òtẹ́ẹ̀lì tó pẹ́ jù láyé wà ní Lausanne, ní orílẹ̀-èdè Switzerland; 1893 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ inú kíṣìnnì, nídìí tábìlì oúnjẹ àti nínú yàrá àlejò ni ọmọ tó wá gba digírì níbẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kó lọ ṣiṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan níta, kó tó jókòó ti ìwé ìṣirò owó àti ọjà títà.

Ti Yunifásítì Cornell, nílùú Ithaca ní Amẹ́ríkà, tún wú mi lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ. 1922 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Láyé ìgbà náà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ellsworth Statler. Ọmọ ọdún 13 ló wà nígbà tó ń bá àwọn àlejò gbé ẹrù ní òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú Wheeling. Nígbà tó yá, ó di olówó òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá. Kò gbà pé iṣẹ́ yìí jẹ́ ohun tí èèyàn ń lọ kọ́ ní yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló yí i lọ́kàn padà: wọ́n ṣètò òtẹ́ẹ̀lì tiwọn, wọ́n sì gbà á lálejò. Ó kú ní 1928, ṣùgbọ́n owó tó fi sílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sínú ọgbà yunifásítì náà. Títí dòní, àlejò ń sanwó sùn níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bàbá ọmọ ò jẹ̀bi ṣá o, bó ṣe ń sá fún pólì. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ́ oníwèé HND jẹ nílẹ̀ yìí, pàápàá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìwà burúkú gbáà ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ètò pólì tí mo fẹ́ràn: bí ọmọ bá gba ND tán, wọ́n ń retí kó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko kó tó padà wá fún HND. Nínú iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, ọdún kan yẹn ṣe pàtàkì. Bó bá sì wù ú lẹ́yìn ND, tí èsì rẹ̀ dára, ó lè gba Direct Entry wọ yunifásítì.

Síbẹ̀, yálà yunifásítì ni tàbí pólì, iléèwé ò rí bákan náà. Mo ti wọ kíṣìnnì iléèwé kan tí ọ̀rá tí wọ́n fi wé sítóòfù wá láti ọjà ṣì wà lára rẹ̀. Ojú pátákó ni wọ́n ti ń kọ bí wọ́n ṣe ń dín ẹja. Mo tún ti jẹun níbòmíràn tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ti gbé ife sókè sí ìmọ́lẹ̀, tó rí àpá omi lára rẹ̀, tó sì tún un nù kó tó gbé e síwájú mi. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ṣe é láìmọye ìgbà ni.

Nítorí náà, mi ò bá wọn yan FUNAAB, mi ò sì bá wọn yan Yabatech. Mo ní kí bàbá àti ọmọ jọ lọ síbi méjèèjì, kí wọ́n má dúró ní ọ́fíìsì, kí wọ́n wọ kíṣìnnì lọ. Kí wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìgbà wo ni wọ́n dáná kẹ́yìn, èló ni wọ́n ń dá fún èlò ọbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì wo ló gbà wọ́n fún ìkọ́ṣẹ́ (IT), àti pé nígbà tí wọ́n parí, ṣé òtẹ́ẹ̀lì náà ní kí wọ́n padà wá.