Orí Ẹja ní Rutland

Láti Leicester, ọkọ̀ ojú irin kì í pẹ́ rárá kó tó dé Oakham, ìlú kékeré tó jẹ́ olú-ìlú Rutland. Nínú àwọn àgbègbè àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rutland ló kéré jù lọ, síbẹ̀ adágún omi ńlá kan wà láàárín rẹ̀, èyí tí wọ́n sé odò dá ní àwọn ọdún 1970. Nítorí ẹyẹ kan ni mo ṣe mú bàbá mi lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹfà.

Osprey ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ó jọ àwòdì, àmọ́ kò bá oròmọdìẹ ẹnikẹ́ni ṣe; ẹja ló ń jẹ. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò fi pamọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ rẹ̀ láti Scotland wá sí Rutland, ní 2001 sì ni wọ́n kọ́kọ́ pamọ níbẹ̀. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, wọn a fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí mo fi àwòrán rẹ̀ han bàbá mi, tí wọ́n bí ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àlejò ìgbà ọyẹ́ nìyí. Bàbá wa àgbà máa ń ṣépè fún un nítorí ẹja."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fẹ́ lò lọ́dọ̀ mi. Dókítà ti sọ fún wọn nílé pé ojú òsì wọn ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, àti pé ọ̀tún náà kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Mo ní awò awọ̀nàjíjìn kan, àlòkù, tí dígí iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 65. Eyepiece tó wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tí màá máa pè ní ojú awò, lè sún nǹkan mọ́ni láti ìlọ́po 20 títí dé 60. Nínú ahéré onígi tó dojú kọ ìtẹ́ ẹyẹ náà ní Manton Bay, mo yí i dé 60, mo ní kí Bàbá wá wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jígí ojú wọn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. "Mo ti rí i, Àkànní. Ó rẹwà."

Nígbà tí mo fi ojú sí i, ìtẹ́ ṣófo. Ẹyẹ náà ti fò lọ sórí igi mìíràn. N kò sọ nǹkan kan, Bàbá náà kò sọ nǹkan kan, títí a fi délé.

Lóru ọjọ́ náà ni mo tó jókòó ti ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe tipẹ́. Ẹ fi ìlọ́po pín ìbú dígí iwájú: 65 ní ìlọ́po 60 fi díẹ̀ lé ní mìlímítà kan, ìyẹn ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú. Ní ìlọ́po 25, ó di 2.6. Ooru tó ń gbọ̀n lórí omi pàápàá, ìlọ́po ńlá a máa sọ ọ́ di ìgbì. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ Bàbá jù lọ ni àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ojú àti dígí. Ẹni tó bá wọ jígí ojú nílò nǹkan bíi mìlímítà 15 sókè. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀, òkùnkùn roboto nìkan ni wọ́n rí.

Rírà tún ni wàhálà mìíràn. Ojú awò àkọ́kọ́ tí mo rà kò wọlé rárá: ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, àmọ́ wọ́n ti pààrọ̀ bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń kọ́ra. Ìkejì jẹ́ irú èyí tí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ń lò, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ íńṣì 1.25. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe yí i tí ohun tó jìnnà fi mọ́lẹ̀. Ó wọlé kò túmọ̀ sí pé ó bá a mu. Ẹ gbé awò yín dání lọ sí ọjà, kí ẹ sì wo òde nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ìkẹta ni mo rà báyìí: focal length tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16, ti awò mi jẹ́ 400, ẹ pín in, ìlọ́po 25 ni. Àlàfo ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18. Owó tó bá a lọ kò ṣeé sọ níwájú ìyàwó mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Bàbá padà sílé nígbà tí a tún lọ. Wọ́n fi ojú ọ̀tún sí i, jígí lójú. Akọ ẹyẹ náà gbé ẹja wá sí ìtẹ́.

Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó kù nínú ahéré fi yíjú wò wá.

"Àkànní, orí ẹja dà? Olè ni! Ó ti jẹ orí lọ́nà kó tó gbé ìyókù wá fún ìyàwó!"

Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni akọ rẹ̀ sábà máa ń ṣe. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà wò ó. Wọn kò dáhùn, wọn kò sì gbé ojú kúrò. Ọkọ̀ ojú irin tí a fẹ́ wọ̀ lọ, òmíràn tó tẹ̀ lé e náà lọ.