Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ bàálù lọ s'Ílọrin, apá òsì ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà o!

Ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń wọ bàálù láti Èkó lọ sílé, oorun ni wọ́n máa ń sùn. Bí bàálù bá ti gbéra ní Ìkẹjà báyìí, wọ́n á pa wíndò dé, wọ́n á gbórí lé àga, ó di Ìlọrin. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ìlú bàbá wọn gan-an làwọn gbà kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ fò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin ló máa sọ̀ sí, kó tó wọ mọ́tò padà sẹ́yìn bíi kìlómítà 50. Owó ńlá ni, àmọ́ àwọn tó ń ná an mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ojú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí tírélà àti mọ́tò kéékèèké ti jọ ń du ojú títì kan ṣoṣo, ẹ̀mí tó ti bá a lọ kò ṣe é kà tán.

Nígbà tẹ́ ẹ ti wá sanwó bàálù, ẹ jẹ́ kójú yín jèrè. Láti Èkó, àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ni bàálù Ìlọrin máa ń kọjú sí. Bí awakọ̀ bá gba ọ̀nà tààrà, Ìbàdàn lẹ máa kọ́kọ́ rí nísàlẹ̀, páànù tó ti dípatà lọ súà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀yọ́ á wà lọ́wọ́ òsì yín, bíi kìlómítà 20 sí yín. Kẹ́nikẹ́ni má tàn yín o, ẹ ò lè dá ààfin Aláàfin tàbí ọjà Akẹ̀sán mọ̀ láti ibẹ̀. Bí ìlú náà ṣe tẹ́ sílẹ̀ láàárín igbó lẹ máa rí. Kò ní í pẹ́ tí Ògbómọ̀ṣọ́ náà á fi yọ, apá òsì kan náà ni. Tiẹ̀ sún mọ́ yín dáadáa, bàálù náà sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ẹ ó rí títì, ẹ ó rí òrùlé. Àwọn ọmọ Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo ló ni apá ọ̀tún.

Bẹ́ ẹ bá ń wo òsì yẹn, ẹ ó rí i pé igbó ń fọ́nká, pápá ń gbilẹ̀. Ilẹ̀ yìí làwọn èèyàn wa gbà kọjá nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé, tó wà lókè lọ́hùn-ún, tú láàárín ọdún 1830 sí 1840. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá fógun sì rọ́ wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, tọmọ tẹrù, ibi tí bàálù ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ fò kọjá.

Tẹ́ ẹ bá dé kántà, ẹ ní wíndò apá òsì lẹ fẹ́, A ni lẹ́tà ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín níwájú tàbí lẹ́yìn, torí apá bàálù lè dí yín lójú láàárín. Tẹ́ ẹ bá ń padà s'Ékòó, apá ọ̀tún ló kàn, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, àlọ àtàbọ̀, torí oòrùn á wà lódì kejì, kò ní í ṣẹ́jú yín. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń kojú ẹni. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má retí nǹkan kan, eruku ló máa bo gbogbo ilẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tójò bá rọ̀ mọ́jú, tójú ọ̀run sì mọ́, nìyẹn dáa jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn ńkọ́? Òsì náà ni láàárọ̀, kóòrùn má baà sun yín.

Tẹ́ ẹ bá mú àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bí sí Èkó tàbí òkè òkun dání, àwọn ni kẹ́ ẹ fún ní wíndò. Ẹ fọwọ́ tọ́ ọ sí wọn: ilé rèé.